Ṣé àǹfààní wà nínú kí olùkọ ètò kọ̀ǹpútà máa kọ ohun tó mọ̀ síta?

Ẹ̀yin ọ̀gá nínú iṣẹ́ ètò kọ̀ǹpútà, mo kí yín. Mo ti lóye ìdí tí kọ̀ǹpútà kì í fi rí ọ̀rọ̀ Yorùbá nígbà mìíràn bí a bá wá a: “ẹ́” kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú Unicode (ìlànà àgbáyé tó ń fún àwọn lẹ́tà àti àmì ní nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú wọn), nítorí náà ó ju ọ̀nà kan lọ tí a lè gbà tọ́jú rẹ̀, ojú kò sì lè mọ ìyàtọ̀ wọn. Ó wù mí gidigidi láti kọ àlàyé àti àtúnṣe rẹ̀ síta fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ǹjẹ́ irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti mú iṣẹ́ tàbí alábàáṣiṣẹ́ wá fún ẹnikẹ́ni nínú yín? Ṣé Yorùbá ni kí n fi kọ ọ́, tàbí Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn agbanisíṣẹ́ ń kà?