Sàkáání ìjẹ̀ àti sàkáání ìṣọ́: erin kì í ṣọ́ ilẹ̀

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kú iṣẹ́ o.

Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ lórí ìbéèrè tí akẹ́kọ̀ọ́ wa kan gbé wá. Ó ń túmọ̀ ìwé pélébé kan nípa erin inú igbó ọba Omo ní ìpínlẹ̀ Ògùn, kí àwọn àgbẹ̀ tó yí igbó náà ká lè kà á. Ó bá ọ̀rọ̀ òyìnbó méjì pàdé nínú rẹ̀. Ọ̀kan ni "home range", ìyẹn gbogbo ibi tí ẹranko máa ń rìn dé láti wá oúnjẹ àti omi. Èkejì ni "territory", ìyẹn ibi tí ẹranko ń dáàbò bò, tí kò fẹ́ kí irú rẹ̀ mìíràn dé. Mẹ́ta nínú yín ní kó pe méjèèjì ní "ilẹ̀ ìní", kó má baà dá àwọn àgbẹ̀ lágara. Èmi ò fara mọ́ ọn.

Àwọn tó ń ṣe ìwádìí nípa ẹranko gan-an ti da ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀ rí. Ọdún 1943 ni William Burt, onímọ̀ ẹranko kan ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé láti là wọ́n níyà. Ó ní ibi tí ẹranko ń rìn ká lójoojúmọ́, tó ti ń jẹun, tó ti ń gùn, tó ti ń tọ́mọ, ọ̀tọ̀ ni ìyẹn. Èyí tó bá ń lé ẹlòmíràn kúrò nínú rẹ̀ nìkan ni ó tó pè ní ilẹ̀ tó ń gbèjà. Gbogbo ẹranko afọ́mọlọ́yàn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ti àkọ́kọ́. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ní èkejì.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí mo ń rí nílé hàn yín. Mọ́kọ́lá ní Ìbàdàn ni mo ń gbé. Adìẹ ilé mẹ́ta ló ń pàdé lórí ààtàn kan lẹ́yìnkùlé wa. Tiwa dé ibẹ̀, ti ìyá aláta dé ibẹ̀, ti ilé òdìkejì náà ń bọ̀. Wọ́n á tú ilẹ̀, wọ́n á ṣa ikán, kálukú á sì padà sílé rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ẹnikẹ́ni nínú wa kì í sọ pé adìẹ òun ní "ilẹ̀ ìní" lórí ààtàn yẹn. Ohun tí a ń sọ ni pé adìẹ ń jẹ̀. Ṣùgbọ́n lára ògiri tó wà lókè ààtàn yẹn kan náà, akọ alángbá olórí pupa kan wà. Bí akọ mìíràn bá ti yọjú lára ògiri náà, á bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí, á nà sókè lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, á sì lé e títí yóò fi já sílẹ̀. Ògiri yẹn ló ń ṣọ́. Ojú kan náà ni mo dúró sí tí mo ti rí méjèèjì.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ìṣe tí a nílò ti wà lẹ́nu wa: jẹ̀. Da ẹran jẹ̀. Ó ń jẹ̀ kiri. Alàgbà tó kọ̀wé láti Ilé-Ifẹ̀ ní ẹran tó ń jẹko nìkan ló ń jẹ̀, pé kò bá ẹkùn mu. Mo bọ̀wọ̀ fún yín, sà, ṣùgbọ́n adìẹ tó ń ṣa ikán kì í jẹko, a sì ń sọ pé ó ń jẹ̀. Rírìn tí ẹran ń rìn kiri nítorí ohun tí yóò fi sẹ́nu ni ọ̀rọ̀ náà dì mú, kì í ṣe irú ohun tó jẹ. Ọdẹ àgbà kan ní Mọ́níyà tí mo lọ bá lọ́jọ́ Ẹtì sọ fún mi nípa àgbọ̀nrín kan tí òun tọ ipa rẹ̀ nígbà èwe òun. Ó ní, "Ó jẹ̀ dé etí odò, ó jẹ̀ padà." Ó fi ìka ya ọ̀nà náà sórí ilẹ̀ níwájú mi, ó yí po bí igbá. Ohun tí onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ń yà sórí kọ̀ǹpútà gan-an nìyẹn, nígbà tó bá ti fi ẹ̀rọ tó ń tọpa ẹran sí i lọ́rùn.

Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà mí ni "ibùjẹ̀" tí arábìnrin kan dábàá. Ọ̀rọ̀ dáadáa ni, mo fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ yọ àmì orí rẹ̀ kúrò, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń kọ ọ́ lórí fóònù, ó di ibùjẹ ẹran tí wọ́n tẹ́ Jésù sí nínú ìwé Lúùkù. Àgbẹ̀ á rò pé ìjọba fẹ́ kan pákó oúnjẹ sínú igbó fún erin. "Ilẹ̀ ìjẹ̀" náà lè di "ilé ìjẹ". Ìdí nìyẹn tí mo fi dúró ti "sàkáání ìjẹ̀". Bí àmì tilẹ̀ bọ́, sàkáání á dì í mú. Kí èkejì jẹ́ "sàkáání ìṣọ́". Wọ́n bára wọn dọ́gba létí, a sì lè sọ pé sàkáání ìṣọ́ wà nínú sàkáání ìjẹ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ ló rí lóòótọ́. Akọ ẹkùn ń tọ̀ sára igbó, ó ń fi èékánná ha igi, kí akọ mìíràn lè mọ̀ pé ẹnìkan wà níbẹ̀. Sàkáání ìṣọ́ nìyẹn. Erin kò ṣe bẹ́ẹ̀. Agbo erin púpọ̀ lè máa jẹ̀ lórí ilẹ̀ kan náà, wọ́n á pàdé létí omi, wọ́n á fi imú gígùn wọn kan ara wọn lẹ́nu. Àwọn erin Gourma ní orílẹ̀-èdè Mali ń yí po ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà lọ́dún nítorí omi. Ta ló lè ṣọ́ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré ìwé. Mo gbọ́ ètò kan lórí rédíò níbí, olóòtú ní erin "ń jà fún ilẹ̀ ìní rẹ̀" nígbà tó wọ oko ẹ̀gẹ́. Obìnrin tó jókòó tì mí nínú mọ́tò Bódìjà dáhùn pé, "Ìjọba ti fún erin ní ìwé ilẹ̀ nìyẹn!" Inú bí i, ó sì ní ẹ̀tọ́. Ebi ló gbé erin dé oko náà. Ó ń jẹ̀ ni. Àgbẹ̀ tó bá gbọ́ "jẹ̀" mọ ohun tó kàn láti ṣe, nítorí ó ti ń lé ẹran tó ń jẹ̀ kúrò lóko láti kékeré. Àgbẹ̀ tó bá gbọ́ "ìní" á lọ pe lọ́yà.

Ó tún ku orúkọ tí a ó pe abo erin àgbà tó ń ṣáájú agbo: ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é ní "ìyálé". Ìyálé gbọ́dọ̀ ní ọkọ àti orogún, bẹ́ẹ̀ àwọn abo erin inú agbo, ọmọ ìyá, ìyá àti ọmọ ni wọ́n, àwọn akọ tó bá ti dàgbà ń gbé lọ́tọ̀. "Ìyálóde" dùn mọ́ ọmọ Ìbàdàn létí, ṣùgbọ́n oyè ni, wọ́n ń fi ènìyàn jẹ ẹ́, wọ́n sì lè gbà á, bí wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ Ẹfúnṣetán. Ọjọ́ orí àti ìrírí ló ń gbé ti erin dé ipò. Ìwádìí kan tó jáde ní 2001 láti Amboseli ní Kẹ́ńyà fi hàn pé agbo tí ìyá rẹ̀ dàgbà jù ló mọ ohùn ojúlùmọ̀ yàtọ̀ sí ti àlejò jù. "Ìyá àgbà agbo" ti tó.

Ẹ̀yin tí ẹ wá láti Ṣakí, Ìgbòho àti Ìsẹ́yìn, ẹ bá mi bi àwọn ọdẹ ilé yín: gbogbo ibi tí ẹfọ̀n ń jẹ̀ dé lóru kó tó padà lówùúrọ̀, kí ni wọ́n ń pè é? Bí wọ́n bá ní orúkọ kan fún un, mo ṣe tán láti fi sàkáání ìjẹ̀ sílẹ̀ fún un.