Orúkọ Tutuola wà nínú ìwé tí mo fẹ́ rà: ṣé òun ló kọ ọ́ síbẹ̀?

Ajórin Àjàṣẹ́

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin olólùfẹ́ ìwé. Irin ni mò ń jó níhìn-ín ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, géètì àti fèrèsé onírin, iṣẹ́ ìwé kọ́ ni mò ń ṣe. Ṣùgbọ́n ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń kó ìwé Amos Tutuola jọ, àtẹ̀jáde àkọ́kọ́ nìkan. Ẹni tó bá bi mí pé kí ló kàn mí nínú ọ̀rọ̀ ìwé, màá ní alágbẹ̀dẹ lòun náà. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ ló ṣe fún àwọn ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì. Ogun parí, iṣẹ́ bọ́, ó di mẹ́séńjà ní ọ́fíìsì ìjọba l'Ékòó, ibẹ̀ ló ti kọ ìtàn ọ̀mu tó wá adẹ́mu rẹ̀ lọ sí ìlú àwọn òkú. Tí mo bá ti rántí ìyẹn, ooru iná kì í fi bẹ́ẹ̀ mú mi mọ́.

Mo ní mẹ́rin nílé. Simbi ti 1955, The Brave African Huntress ti 1958, Feather Woman of the Jungle ti 1962, àti Ajaiyi ti 1967 tí ikán ti jẹ létí. Faber ní Lọ́ńdọ̀nù ló tẹ gbogbo wọn. Kò sí èyí tí ọwọ́ Tutuola kan nínú wọn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin kan tó ń ta ìwé àlòkù nítòsí ọjà Wàndó pè mí. Ó mọ̀ mí, ó mọ àìsàn mi. Ó yọ L'Ivrogne dans la brousse jáde lábẹ́ tábìlì, ìyẹn The Palm-Wine Drinkard tí Raymond Queneau túmọ̀ sí Faransé, tí Gallimard tẹ̀ ní Parísì lọ́dún 1953. Ó ṣí i sí ojú ewé àkọlé. "A. Tutuola", bíìkì (bírò) búlúù, T ńlá yẹn ga bí òpó iná. Àyà mi là gàràgà. 120,000 fráǹkì ló pè é. A ná an títí tó fi dé 90,000. Mo san 20,000 sílẹ̀, ó ní òun á bá mi tọ́jú ẹ̀ di Sátidé. Ìyá àwọn ọmọ mi ní owó géètì odindi ni mo fẹ́ fi ra ewé gbígbẹ.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín ni pé báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé àtẹ̀jáde àkọ́kọ́ ni, àti pé Tutuola fúnra rẹ̀ ló kọ orúkọ yẹn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n gbàdúrà. Mo ti gbà á.

Ọmọ Alákétu

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìnáwó. Ti àtẹ̀jáde ló rọrùn. Ẹ̀yìn ni ìwé Faransé ti ń jẹ́wọ́. Ẹ ṣí i lọ sí ewé tó gbẹ̀yìn pátápátá, ẹ óò rí "achevé d'imprimer", ìyẹn ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ tán, "dépôt légal", ìyẹn ìgbà tí wọ́n fi ẹ̀dà rẹ̀ sílẹ̀ fún ìjọba, á sì wà nítòsí rẹ̀. Tó bá jẹ́ 1953 ló wà níbẹ̀, ó bára mu. Tó bá jẹ́ ọdún mìíràn, wọ́n tún un tẹ̀ ni, ohun yòówù kí wọ́n kọ síwájú. Ọdún tó wà níwájú kì í sábà yí padà, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti máa ń fi mú wa.

Ti Faber tí ẹ ní nílé yàtọ̀. Ẹ̀yìn ewé àkọlé ni ti wọn wà. The Palm-Wine Drinkard tí Faber tẹ̀ ní 1952, "First published in mcmlii" ni wọ́n kọ síbẹ̀, òǹkà àwọn ará Róòmù. Bí "second impression" bá ti tẹ̀lé e, kì í ṣe àkọ́kọ́ mọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn. Àkọ́kọ́ ìtàn yìí gan-an ni ti Lọ́ńdọ̀nù 1952, èyí tí Dylan Thomas, akéwì ará Wales, yìn nínú The Observer ní oṣù Keje ọdún náà. Èyí tí ẹ rí yìí, àkọ́kọ́ ìtumọ̀ ni. Àwọn Faransé máa ń wá a nítorí Queneau, ọkùnrin tó wá kọ Zazie dans le métro ní 1959. Mi ò ní kò níyì o. Èmi fúnra mi ò tíì fi ojú kàn án rí. Ṣùgbọ́n ẹ má san owó ìyá lórí ọmọ.

Ìyá Ìbejì

Ẹ̀yin ọkùnrin yìí ń ṣàníyàn lórí Tutuola, ẹni tó wà láyé di 8 Oṣù Kẹfà 1997! Ó lọ sí Iowa ní Amẹ́ríkà, ó gbé ní Ifẹ̀, ó gbé ní Ìbàdàn, ẹni tó bá gbé ìwé lọ bá a á rí i bá fọwọ́ sí i. Fágúnwà ni kẹ́ ẹ wá. Oṣù Kejìlá 1963 lòun ti lọ, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí ilé ìtẹ̀wé ìjọ CMS tẹ̀ l'Ékòó ní 1938 ni màá tà gbogbo góòlù mi fún.

Ẹ tún rọra. Bàbá mi jẹ́ tíṣà, wọ́n ní àpótí ìwé méjì. Tí èèpo ìwé bá ti já, wọn á mú bíìkì, wọn á kọ orúkọ ẹni tó kọ ìwé náà sí ewé tó kù níwájú, kí wọ́n má baà gbàgbé. Tí mo bá fẹ́ purọ́, Victor Hugo fọwọ́ sí tiwa.

Àgbà Ṣábẹ

Ajórin, ọmọ mi, o ṣé é tó o béèrè kó o tó san tán. Akọ̀wé kóòtù ni mo fi ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ṣe, ìwé ilẹ̀ ayédèrú ni ojú mi sì rí jù. (Bí mo ṣe gbọ́n tó yìí, wọ́n ta ilẹ̀ kan náà fún èmi àti ẹlòmíì. Ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀.)

Má wo bí orúkọ náà ṣe rí. Ọmọ ilé ìwé lè ya orúkọ. Ohun tó o máa wò ni èwo ló ṣáájú, tàdáwà ni àbí ìyà tó jẹ bébà. Ìwé tó ti wà láti 1953 nínú ọ̀rinrin tiwa níbí á ti jìyà: á ti ká, á ti pọ́n, kòkòrò á ti lu ú. Bí ìlà bá gba orí ibi tó ká kọjá, wò ó dáadáa. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ti kọ ọ́ kó tó ká, tàdáwà á là níbi tó ká. Tó bá jẹ́ pé ó ti ká kí wọ́n tó kọ ọ́, bíìkì á fò níbẹ̀, tàbí kí tàdáwà sé síbẹ̀. Bí kòkòrò bá jẹ ẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n kọ ọ́, ihò náà á gé lẹ́tà bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e. Ṣùgbọ́n bí ihò bá ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọwọ́ ẹni tó ń kọ á yà fún un.

Yá gíláàsì tí àwọn tó ń tún aago ṣe máa ń kì bọjú. Kó o tún ṣí ewé tó wà lábẹ́ rẹ̀ wò. Àwọn èèyàn kì í rántí ewé abẹ́.

Ajórin Àjàṣẹ́

Mo ti dé o. Bàbá, ẹ̀yin lẹ jù.

Mo yá gíláàsì lọ́wọ́ bàbá alágogo àdúgbò wa, mo kì í bọjú ọ̀tún lójú ọlọ́jà níbẹ̀, àwọn ọmọdé ń fi mí rẹ́rìn-ín. Mo kọ́kọ́ ṣí ẹ̀yìn: 1953 ni, ó bára mu. Inú mi dùn débi pé mi ò fẹ́ wo iwájú mọ́.

Kòkòrò kan ti lu ìwé náà láti èèpo wọ inú, ihò tín-ín-rín bí imú abẹ́rẹ́ aránṣọ. Ní gbogbo ewé tó gbà kọjá, ó gé lẹ́tà tó bá lójú ọ̀nà, kò dá ẹnikẹ́ni sí. Àfi orúkọ Tutuola. Ìdí lẹ́tà "o" ni ihò bọ́ sí níbẹ̀, "o" náà sì wú lápá kan, ó yí ihò ká bí oní-sẹ́mìjàn, ìyẹn ọlọ́kadà, ṣe ń yà fún kòtò. Ó yà títí, ṣùgbọ́n kò yà tó. Mo ṣí ewé abẹ́ bí Bàbá ṣe wí. Tóótó búlúù kan wà níbẹ̀, lábẹ́ ihò gẹ́lẹ́. Ẹnu bíìkì ti yọ́ gba inú ihò lọ kan ewé kejì.

Mo gbé gíláàsì fún ọlọ́jà. Ó wò ó pẹ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ lòun ṣe rà á nínú àpótí òkú ẹnìkan. Mo gbà á gbọ́ dé ìdajì. Bóyá bàbá Ìyá Ìbejì ló ni ín! Mo ní kó dá owó mi padà, ó ní owó ọjà kì í padà sílé. A fa ọ̀rọ̀ yìí títí oòrùn fi kàn wá lórí. Níkẹyìn mo ní kó tà á fún mi bí ìwé tí ẹnìkan fi bíìkì bà jẹ́. Mo fi 10,000 kún un. 30,000 ni gbogbo ẹ̀, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Simbi nísinsìnyí.

Ọmọ Alákétu, ọ̀rọ̀ yín wọlé. Bí ẹ bá gbúròó ti 1952, ẹ sọ fún mi níkọ̀kọ̀. Ìyá Ìbejì, tó bá jẹ́ ẹ̀yin tí mo rò ni, tí ẹ ń tajà nítòsí ìyàwó mi, 5,000 ni mo sọ fún un pé mo rà á o.