Kábáìnì M1 àwòṣe tí ọta ń há sí lẹ́nu: ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Kábáìnì M1, ìbọn ológun kúkurú kan, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, èyí tí wọ́n ń rọ lóde òní ní àwòṣe ti àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà. Mo fẹ́ràn ìbọn yìí púpọ̀. Ó fúyẹ́, kì í gbá ni léjìká, ìtàn rẹ̀ sì dùn ún gbọ́: ọdún 1941 ni àwọn ológun Amẹ́ríkà gbà á wọlé, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì fi máa parí, èyí tí wọ́n ti rọ lé ní mílíọ̀nù 6. Kódà Underwood tó ń ṣe taipúráítà àti Rock-Ola tó ń ṣe àpótí orin wà lára àwọn tó rọ ọ́.

Wàhálà tèmi bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti kọ́kọ́ gbé e dé pápá ìyìnbọn. Bí mo bá yìn ín, ìkarahun ọta á há síbi tó yẹ kó ti fò jáde, á nàró síbẹ̀, bóòtì (irin tó ń lọ tó ń bọ̀, tó ń ti ọta wọlé, tó sì ń dí ìdí rẹ̀) á sì fún un pa. Nígbà mìíràn ìkarahun á jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n bóòtì á padà lófìfo, kò ní gbé ọta tó kàn.

Ohun tí mo máa ń tẹnu mọ́ fún ẹni tó bá bi mí ni pé, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ wo ibi tí bóòtì dúró sí. Ẹnu ìbọn ṣì kọjú sí ibi àfojúsùn, ìka ti kúrò lórí tírígà, ẹ wá wò ó dáadáa. Àìsàn bóòtì tí kò lọ sẹ́yìn tán yàtọ̀ sí ti èyí tí kò padà síwájú tán. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń sáré fa bóòtì. Ìkarahun á bọ́ sílẹ̀, ẹ̀rí sì ti lọ nìyẹn. Èmi máa ń ya fọ́tò rẹ̀ kí n tó yọ màgásíìnì, ìyẹn àpótí tí ọta wà nínú rẹ̀.

Tèmi, kì í lọ sẹ́yìn tó ni. Mo pààrọ̀ màgásíìnì, bákan náà ló rí. Mo lọ wá ọta tó lágbára bíi ti àwọn ológun, tí orí rẹ̀ jẹ́ girénì 110 (girénì ni ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn orí ọta), tó ń sáré tó ẹsẹ̀ bàtà 1,990 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, torí ọta tí ẹ̀tù rẹ̀ kò pọ̀ kì í lè ti ẹ̀rọ náà sẹ́yìn tán. Ó dín kù, kò tán.

Ó wá kan písítìnì gáàsì. Bí ìbọn yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé gáàsì á gba ihò wẹ́wẹ́ kan lábẹ́ ọ̀pá ìbọn, á sì ta písítìnì kúkurú kan sẹ́yìn. Písítìnì náà kì í rìn tó ìdá mẹ́rin íńṣì kan, ṣùgbọ́n ìgbájú kan ṣoṣo yẹn ló ń lé apá irin tó ń gbé bóòtì lọ sẹ́yìn. Mo yọ màgásíìnì, mo fojú yẹ ihò ọta wò, mo tún fi ìka yẹ̀ ẹ́ wò pé kò sí ọta níbẹ̀. Mo wá fa apá irin náà sẹ́yìn, mo fi kọ́, mo da ẹnu ìbọn sókè, mo dà á sílẹ̀. Ó yẹ kẹ́ ẹ gbọ́ kí písítìnì máa dún kọ̀, kọ̀. Tèmi dákẹ́ lọ gbári. Gíríìsì tí wọ́n fi kùn ún kó má bàa dípẹtà ti dì mọ́ ọn pátápátá. Mo ro omi ìfọbọn díẹ̀ sí i, mo fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ẹ má ro òróró síbẹ̀ o, ooru á sè é di èédú. Nọ́ọ̀tì tó dì í mú náà, ẹ má fi púláyà tú u. Sípánà tirẹ̀ wà lọ́tọ̀, wọ́n sì ti fi irin gún etí rẹ̀ kó má bàa tú fúnra rẹ̀.

Síbẹ̀ ìkarahun ṣì ń há lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Mo wá yọ ìbọn náà kúrò nínú igi rẹ̀, ìyẹn ìdí onígi tí irin rẹ̀ jókòó sí, mo fọwọ́ fa apá irin síwá sẹ́yìn, ó ń yọ̀ geere. Mo dá a padà sínú igi, mo fà á, ó wúwo. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti là sí mi. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sínú igi, mo rí ìlà dúdú kan tó ń dán, kò gùn ju ìka kan lọ, níbi tí irin ti ń ha igi. Nígbà tí mo wo ara irin fúnra rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ ti họ ní ọ̀gangan ibẹ̀. Alágbẹ̀dẹ ìbọn fi sáńpépà ha igi náà díẹ̀díẹ̀, á ha á, á tò ó padà, á fà á wò, títí bébà fi lè gba àárín wọn kọjá. Ó wá fi òróró pa ojú ibi tó ha. Láti ìgbà náà, ìkarahun ń fò jáde bó ṣe yẹ, inú mi sì ń dùn bí mo bá gbọ́ ọ tó ń balẹ̀.

Ẹni tó bá ní irú rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ tiyín.

* * *

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Tèmi kì í padà síwájú tán ní tirẹ̀. Ó máa ń ku bí ìbú èékánná kí bóòtì tó tì. Ọta àtúnkún tí mo rà lọ́wọ́ ẹnì kan ló fa á. Ìkarahun ọta kábáìnì kò ní èjìká (ibi tí ìkarahun ọta mìíràn ti máa ń fún wọlé lápá òkè), ẹnu rẹ̀ ló fi ń dúró nínú ihò, bó bá sì ti gùn ju íńṣì 1.290 lọ, ó lè máà wọlé tán. Bí wọ́n bá ṣe ń yìn ín tí wọ́n ń tún un kún ni ìkarahun ń gùn sí i. Mo fi kálípà wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ya àwọn tó gùn sọ́tọ̀. Àwọn tó kù ń wọlé wẹ́rẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe máa fi àtẹ́lẹwọ́ gbá apá irin kí ọta lè wọlé tipátipá. Bí ẹ̀tù bá gbiná nígbà tí bóòtì kò tíì tì, ojú yín àti ọwọ́ yín ló máa lọ bá. Ọta tó bá kọ̀, ẹ yọ ọ́, kẹ́ ẹ wò ó. Bí ọta bá wá dára tí ihò rẹ̀ sì mọ́, ẹ yẹ sípíríǹgì tó ń dá bóòtì padà wò. Tuntun rẹ̀ máa ń gùn tó íńṣì 10 ó lé díẹ̀. Èyí tó bá ti súnkì, pípààrọ̀ ló kù.

* * *

Ẹ kú àlàyé, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ní tèmi, bóòtì ń lọ sẹ́yìn tán, síbẹ̀ ìkarahun kì í fò. Ọ̀pá kékeré tó wà lójú bóòtì, tó máa ń ta ìkarahun síta, ló há. Bí mo ṣe fi igi tẹ̀ ẹ́, ó wọlé, kò sì jáde mọ́. Nígbà tí alágbẹ̀dẹ tú u, fífọ́ wẹ́wẹ́ idẹ ló kún inú ihò rẹ̀. Ó fọ̀ ọ́, ó sì ń ta dáadáa báyìí.

Ẹ̀gbọ́n tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ṣé igi yín yẹn kò tún wú nígbà tí ojú ọjọ́ tutù? Mo rí i tí tèmi náà ti ń dán díẹ̀ níbi tẹ́ ẹ wí yẹn, mi ò sì tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ha á.