Oorun ń dá lójú nítorí ìrònú: kí ni ṣíṣe yàtọ̀ sí òògùn?

Olùkọ́ Ọ̀yẹ́:
Ẹ kúulé o, ẹ̀yin ará. Obìnrin ẹni ọdún 46 kan tó ń ta aṣọ ní Adó ni mo ń béèrè fún. Láti bí oṣù 4 tí gbèsè ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn, aago 9 alẹ́ ló ń wọ bẹ́ẹ̀dì, aago 6 àárọ̀ ló ń dìde, síbẹ̀ oorun tó ń rí sùn ò ju wákàtí 5 àti ààbọ̀ lọ. Tó bá ti jí ní aago 2, owó ni yóò máa ṣírò títí ilẹ̀ á fi mọ́. Wọ́n ti ń tà á ní Lexotan, òògùn tó ń mú ọkàn balẹ̀ kéèyàn lè sùn, ní kẹ́mísì. Ṣé ọ̀nà mìíràn wà?

Nọ́ọ̀sì Ìkẹ́rẹ́:
Ó wà. Ìrònú ló kọ́kọ́ lé oorun lọ, àmọ́ ohun tí kò jẹ́ kó padà ni wákàtí 9 tó fi ń dùbúlẹ̀. Ara ti mọ bẹ́ẹ̀dì sí ibi ìṣírò gbèsè. Ìdí nìyẹn tí èèyàn fi lè máa tògbé lórí àga ní pálọ̀, kó wá fẹ̀yìn lélẹ̀ tán kí ojú là rekete.

Fún ọ̀sẹ̀ 1, kó máa kọ ọ́ sínú ìwé láràárọ̀: ìgbà tó dùbúlẹ̀, ìgbà tó rò pé oorun gbé òun lọ, bó ṣe pẹ́ tó tó fi lajú lóru, ìgbà tó dìde. Ìfojúbù ti tó. Kó má wo aago lóru rárá. Tó bá jẹ́ wákàtí 5 àti ààbọ̀ ló ń sùn lóòótọ́, ẹ fi ààbọ̀ wákàtí lé e, ó di 6. Aago 6 ni yóò máa jí lójoojúmọ́, títí kan ọjọ́ Ìsinmi, nítorí náà aago 12 òru ni yóò tó wọ bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ máa ń le, oorun á máa kùn ún lọ́sàn-án ní ṣọ́ọ̀bù. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sá. Kó má sun oorun ọ̀sán dí i o.

Lópin ọ̀sẹ̀, ẹ fi wákàtí tó lò lórí bẹ́ẹ̀dì pín wákàtí tó sùn. Tó bá tó 85 nínú 100, kó máa wọlé sùn ní 11:45. Ìṣẹ́jú 15 yẹn náà ni ẹ ó máa fi kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Tí kò bá tó 80, ẹ dín in kù díẹ̀, àmọ́ kó má dín sí wákàtí 5.

Tó bá jí lóru, tó dà bíi pé ìṣẹ́jú 20 ti lọ, kó dìde kúrò níbẹ̀. Kó jókòó sí pálọ̀ nínú iná tí kò mọ́lẹ̀ jù, kó máa ṣa ẹ̀wà tàbí kó ká aṣọ. Fóònù ò sí níbẹ̀. Ìgbà tí ojú bá wúwo ni kó padà.

Olùkọ́ Ọ̀yẹ́:
Ẹ ṣeun mà. Gbèsè náà ńkọ́? Kò ṣáà lè gbàgbé ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Ìkẹ́rẹ́:
Kò dìgbà tó bá gbàgbé ẹ̀. Bí aago 7 alẹ́, kó jókòó sí tábìlì pẹ̀lú bébà fún ìṣẹ́jú 15. Apá òsì: ohun tó ń dà á láàmú. Apá ọ̀tún: ohun tó kàn láti ṣe, kó sì ṣe pàtó, bíi “pe ìyá alájọ kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́la”. Èyí tí kò sí nǹkan tó lè ṣe sí, kó kọ “kò sí lónìí”. Kó pa ìwé dé. Lórí bẹ́ẹ̀dì, kó mí sínú fún oókan dé ẹẹ́rin, kó mí síta fún oókan dé ẹẹ́fà, fún ìṣẹ́jú 5. Mímí síta tó gùn ló ń jẹ́ kí ọkàn rọra lù.

Apoògùn Adó:
Ẹ jọ̀ọ́, tó bá ti ń lo Lexotan lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, kó má ṣe dá a dúró lójijì. Ara lè máa gbọ̀n, oorun á tún burú sí i, gìrì pàápàá lè mú un. Dókítà ni yóò máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Òògùn ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 ni, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ara á mọ́ ọn, kò ní ṣiṣẹ́ bíi ti àkọ́kọ́. Kó má sì mu ọtí lé e láéláé, ó lè dí èémí lọ́wọ́.

Ẹ bi í léèrè obì. Gbànja ni o, àbàtà ni o, kàféìnì wà nínú méjèèjì, bíi wákàtí 5 ló sì máa ń gbà kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò lára. Ẹni tó jẹ ẹ́ ní aago 5 ìrọ̀lẹ́ láti fi lé àárẹ̀ lọ, ìdajì ṣì wà lára rẹ̀ ní aago 10. Kó dáwọ́ rẹ̀ dúró ní aago 12 ọ̀sán. Panadol Extra náà kì í ṣe Panadol lásán: mílígíráàmù 65 kàféìnì ló wà nínú hóró kan. Ẹmu á mú èèyàn sùn kíá, á sì jí i lọ́gànjọ́.

Iyán aago 9 alẹ́ ńkọ́? Mi ò ní kó má jẹ ẹ́ o, ta ni yóò gbọ́ ọ lẹ́nu mi ní Èkìtì? Kó jẹ ẹ́ kí aago 7 tó kọjá, kí àyà má baà máa ta á tó bá dùbúlẹ̀.

Dókítà Ìdó:
Mo fara mọ́ ìdínkù wákàtí tí Nọ́ọ̀sì sọ, àmọ́ kì í ṣe fún gbogbo èèyàn. Ẹni tó ń wa ọ̀kadà tàbí tírélà, ẹni tó ní wárápá, ẹni tí orí rẹ̀ ti dàrú rí, kó má dá a ṣe láìrí dókítà.

Tó bá ń han-anrun gan-an tí èémí sì ń dúró lójú oorun, kì í ṣe ọ̀rọ̀ gbèsè nìkan. Ní 46, ooru tó ń dédé bo ara lóru lè jẹ́ nǹkan oṣù tó fẹ́ dúró. Tí nǹkan kan ò bá wù ú mọ́ fún ọ̀sẹ̀ 2, tàbí tó ń sọ pé ikú sàn jù, ẹ má dúró de ìwé àárọ̀ kankan: ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ gbé e wá sí ilé ìwòsàn ńlá ní Adó tàbí Ìdó. Tó bá ń lo òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó máa ń jẹ́ kéèyàn tọ̀, kó béèrè bóyá òun lè máa lò ó láàárọ̀ dípò alẹ́.