Ilé fúláàtì 12 tí mo fẹ́ tà ní Gwarinpa: ó ti tà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Èmi ni mo béèrè níbí ìdí tí àwọn olùrà fi ń wá wo ilé mi ní Gwarinpa, Àbújá, tí wọn kì í padà wá. Ẹ ṣeun, mo ti rí i tà.

Ìmọ̀ràn yín pé kí n san gbèsè owó ilẹ̀ ọdọọdún tí mo jẹ ìjọba ló ṣiṣẹ́ jù. Èmi rò pé iye tí mo pè ló ń lé wọn. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Lọ́yà wọn ń lọ yẹ ìwé wò ní AGIS, iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ilẹ̀ ní Àbújá, gbèsè ni wọ́n sì ń bá níbẹ̀. Bí mo ṣe san án tán, ẹni mẹ́ta ló padà pè mí láàárín oṣù kan.

Àkọsílẹ̀ owó tí àwọn àyálégbé san fún ọdún 3, tí ẹ ní kí n ṣe, náà ràn mí lọ́wọ́. Ẹni tó ń ra ilé láti fi pawó, owó tó ń wọlé ló ń rà. Mo kọ fúláàtì 2 tó ṣófo sí i, mo sì yọ owó omi àti àtúnṣe kúrò. Nígbà tí olùrà bi àwọn àyálégbé léèrè, ọ̀rọ̀ wọn bá tèmi mu.

Ìmọ̀ràn pé kí n tà á ní fúláàtì kọ̀ọ̀kan ni kò ṣeé ṣe fún mi: C of O (ìwé ẹ̀rí ìní ilẹ̀) kan ṣoṣo ló wà lórí gbogbo rẹ̀.

Ohun tó kù ni kí Mínísítà FCT (Àbújá) fi àṣẹ sí títà náà, bí òfin ilẹ̀ ọdún 1978 ṣe béèrè. A ti fi ìwé sílẹ̀. Ìdá mẹ́wàá owó náà ṣì wà lọ́wọ́ olùrà títí àṣẹ yóò fi jáde.