Ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó oúnjẹ fún àwọn òṣìṣẹ́ wa: ohun tí ojú olúkúlùkù ti rí

Ìyá Olóúnjẹ, Ìbàdàn

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú òwò oúnjẹ, mo kí yín. Ìbàdàn ni ilé oúnjẹ mi wà, àwọn ọmọ tí wọ́n ń bá mi ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sì pọ̀ ju ẹni tí mo lè máa ṣọ́ ní gbogbo ìgbà lọ, ìdí nìyí tí mo fi mú ọ̀rọ̀ kíkọ́ wọn ní òkúnkúndùn. Káàdì tí wọ́n ń gbà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yẹ ìgbẹ́ àti ẹ̀jẹ̀ wọn wò ṣe pàtàkì, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni dáná fún ará ìta láìní in, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò ni, kì í ṣe ẹ̀kọ́. Ó lè sọ fún mi pé ara ọmọ náà dá ṣáṣá lọ́jọ́ tí ó lọ. Kò lè kọ́ ọ ní ìdí tí kò fi yẹ kí ó mú ọ̀bẹ tí ó fi gé adìyẹ tútù, kí ó tún fi gé kábééjì.

Olùkọ́ kan ti wá rí, ó ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì sí wọn létí láti àárọ̀ di ọ̀sán, wọ́n sì ń mi orí. Lọ́jọ́ kejì, bàsíà tí gbogbo wọn ti ń ṣan ọwọ́ ṣì wà níbi tí ó wà, omi inú rẹ̀ ti dúdú. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kọ́ wọn fúnra mi ní ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, ní èdè Yorùbá, kí a tó dáná láàárọ̀.

Ọwọ́ fífọ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo ta epo pupa díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, mo ní kí wọ́n fi ra ọwọ́ méjèèjì, kí wọ́n sì lọ fọ̀ ọ́ bí wọ́n ṣe máa ń fọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ki ọwọ́ bọ omi, wọ́n gbọ̀n ọ́n, wọ́n sì padà dé. Mo na aṣọ funfun sí wọn pé kí wọ́n fi nu ọwọ́. Àárín ìka, abẹ́ èékánná àti ẹ̀yìn àtàǹpàkò ni epo náà ṣẹ́kù sí, aṣọ náà sì pọ́n rúsúrúsú. N kò bá ẹnikẹ́ni wí. Mo gbé ọṣẹ fún wọn, mo ṣí kẹ́ẹ̀gì tí a fi ẹnu ẹ̀rọ sí kí omi lè máa ṣàn, mo sì ní kí wọ́n máa ka ení, èjì, títí dé ogún bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́. Ní báyìí, àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń lé ẹni tí ó bá ti ilé ìyàgbẹ́ bọ̀ padà sí ìdí kẹ́ẹ̀gì.

Ọ̀ràn kúlà ni ó le jù. Ìrẹsì tí kò bá tán lálẹ́, inú kúlà ni wọ́n máa ń dé e mọ́, nítorí wọ́n gbà pé yóò gbóná títí di àárọ̀. Mo ra òṣùwọ̀n ìgbóná, mo sì kì í bọ àárín ìrẹsì náà láàárọ̀ lójú gbogbo wọn: ó ti bọ́ sílẹ̀ jìnnà sí 60°C tí oúnjẹ gbígbóná kò gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ jù, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí omi ìwẹ̀ ọmọ tuntun. Aláṣè mi tí ó dàgbà jù béèrè pé, “Ìyá, bí a bá tún un sè dáadáa ńkọ́?” Ìbéèrè náà dùn mọ́ mi, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Kòkòrò àìfojúrí kan wà tí wọ́n ń pè ní Bacillus cereus, inú ilẹ̀ ni ó ti ń bá hóró ìrẹsì wá, ó sì máa ń sé ara rẹ̀ mọ́ inú èèpo tí ó le tó bẹ́ẹ̀ tí omi híhó kò fi ní pa á. Bí ìrẹsì bá wá lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún wákàtí púpọ̀, yóò jí, yóò máa pọ̀ sí i, yóò sì tu oró sínú oúnjẹ náà. Oró yìí kò ní kúrò bí a tilẹ̀ tún un sè títí ìsàlẹ̀ ìkòkò fi jóná, òun ni ó sì ń mú ènìyàn bì láàárín wákàtí díẹ̀. Nítorí náà, a ń tẹ́ èyí tí ó bá kù sínú àwo fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kí ó tètè tutù, a sì ń gbé e sínú fíríìjì láìpẹ́. Níbi tí iná kò bá ti dúró, kí a má se ju ohun tí a óò tà lọ ni ó dájú jù.

Ọmọ Èkìtì ní Lọ́ńdọ̀nù

Ìyá wa, mo dọ̀bálẹ̀. Oúnjẹ Yorùbá ni àwa náà ń tà níhìn-ín. Òfin ilẹ̀ yìí sọ pé kí a kọ́ òṣìṣẹ́ ní ohun tí ó bá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mu, kí ó sì wà lábẹ́ àbójútó. Àwọn wolé-wolé máa ń wá láìsọ tẹ́lẹ̀, wọn a bi agbáwo ní ìbéèrè lójúkojú, lẹ́yìn náà ni wọn yóò fún ilé oúnjẹ náà ní nọ́ńbà ìmọ́tótó láti 0 sí 5, 5 ni ó dára jù.

Ibi tí mo ti rí àǹfààní ẹ̀kọ́ náà jù lọ ni ọ̀rọ̀ oúnjẹ tí ara ẹlòmíràn kò gbà. Ohun 14 ni òfin kà sílẹ̀ tí a gbọ́dọ̀ lè sọ fún oníbàárà bí wọ́n bá wà nínú oúnjẹ, lára wọn ni ẹ̀pà, ẹyin, wàrà, sóyà, ẹja àti àwọn ìdílé edé. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan béèrè bóyá edé wà nínú ẹ̀fọ́ rírò wa. Ọmọ tuntun kan ti la ẹnu láti sọ pé ẹ̀fọ́ lásán ni, nítorí kò rí edé níbẹ̀. Lílọ̀ ni a lọ̀ ọ́. Èyí tí ó ti gba ẹ̀kọ́ nínú wọn ní kí ó dúró, ó wọ ìdáná lọ, ó bi aláṣè, ó sì padà wá sọ òtítọ́. Obìnrin náà ní bí òun bá jẹ edé, ọ̀nà ọ̀fun òun a wú, òun kì í sì í lè mí. Láti ọjọ́ náà ni a ti kọ gbogbo ohun tí ó wọ inú ọbẹ̀ kọ̀ọ̀kan sára ògiri, títí kan irú, nítorí àwọn kan ń fi sóyà ṣe irú nísinsìnyí.

Wolé-wolé tí ó ti fẹ̀yìntì, Òṣogbo

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ọmọ mi. Ohun kan wà tí ẹ kò tíì fi ẹnu bà. Nínú iṣẹ́ mi, mo bá àwọn òṣìṣẹ́ pàdé tí wọ́n mọ ẹ̀kọ́ náà lórí, síbẹ̀ tí wọ́n ń yàgbẹ́ gbuuru, tí wọ́n sì ń ro ọbẹ̀, nítorí pé ọ̀gá wọn máa ń yọ owó ọjọ́ tí wọn kò bá wá. Ní New York, aláṣè kan wà tí ń jẹ́ Mary Mallon, ẹni tí kòkòrò ibà jẹ̀funjẹ̀fun wà lára rẹ̀ láìjẹ́ pé àìsàn náà dá a wó. Ìjọba sé e mọ́ erékùṣù kan ní 1907, wọ́n sì tú u sílẹ̀ ní 1910 pẹ̀lú àdéhùn pé kò ní dáná fún ẹlòmíràn mọ́. Iṣẹ́ aṣọ fífọ̀ ni ó bọ́ sí, owó rẹ̀ kò tó ti ìdáná, ni ó bá yí orúkọ padà, ó sì padà sí ìdí ààrò. Ilé ìwòsàn àwọn obìnrin ni wọ́n ti rí i ní 1915, lẹ́yìn tí ènìyàn 25 ti kó àìsàn náà níbẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀gá ni mo ń bá wí: bí òdodo bá máa gba oúnjẹ lẹ́nu òṣìṣẹ́ yín, kò ní sọ ọ́.

Ọmọ Èkìtì ní Lọ́ńdọ̀nù

Òótọ́ ni, Bàbá. Níhìn-ín, ẹni tí ó bá ń yàgbẹ́ gbuuru kò gbọ́dọ̀ wọ ìdáná títí wákàtí 48 yóò fi kọjá lẹ́yìn tí ìgbẹ́ náà bá dáwọ́ dúró.

Ìyá Olóúnjẹ, Ìbàdàn

Ẹ ṣeun, Bàbá. Lọ́dọ̀ tèmi, ẹni tí ó bá jẹ́wọ́ pé òun ń yàgbẹ́ gbuuru yóò lọ sílé, owó ojúmọ́ rẹ̀ kò sì ní yẹ̀. Ó ń ná mi lówó, n kò ní parọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń sọ fún mi báyìí kí n tó béèrè. Ọ̀rọ̀ gàárì àti eku ni ó kàn tí mo fẹ́ kọ́ wọn, nítorí ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku tí ó ní ibà Lassa lè bọ́ sínú ohun tí a kò bá dé. Mo ti ra ike olómorí fún gàárì, ẹ̀wà àti èlùbọ́. Ẹni tí ó bá ti kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀ ní èyí, pàápàá ẹ̀yin ará Ọ̀wọ̀ tí ẹ mọ àìsàn náà dáadáa, kí ó bá mi sọ bí ó ṣe gbé e kalẹ̀ fún wọn.