Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o, fọ́tò ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti wọ gúrúùpù

Ẹ kú ilé o. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Challenge, n'Íbàdàn níbí, ọmọ ọdún 15, ó fi fọ́tò tí ò yẹ kó yà ránṣẹ́ sí ọmọkùnrin kan ní kíláàsì wọn, ó ní view once lòun fi sí, pé tó bá ti wò ó tán á pòórá, àṣé fóònù ẹlòmíì nìyẹn fi ya ojú fóònù tiẹ̀. Ó ti wà ní gúrúùpù WhatsApp wọn báyìí. Mo ní kí ló ń wá, ó ní àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n ń pariwo orúkọ wọn ní síkúùlù, gbogbo wọn ló ń ṣe é, òun náà fẹ́ kí wọ́n mọ òun. Wọ́n kúkú ti mọ̀ ọ́n báyìí. Kì í jẹun mọ́, ó ń tilẹ̀kùn mọ́ra, ó lóun ò lọ síkúùlù mọ́ láé. Ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ láti Ṣakí lópin ọ̀sẹ̀, mo sì mọ irú pàṣán tí wọ́n máa mú dání.

Ìyá Ìbejì Mọ́níyà: Háà! Ẹ gba fóònù yẹn kẹ́ ẹ fọ́ ọ.

Tíṣà Mọ́kọ́lá: Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má fọ́ ọ o, ibẹ̀ lẹ̀rí wà. Ẹ tọ́jú ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ àti nọ́ńbà àwọn tó ń pín in, ṣùgbọ́n fọ́tò yẹn gan-an, ẹ má fi ránṣẹ́ sẹ́nikẹ́ni, bàbá ẹ̀ pàápàá. Òfin Cybercrimes ti 2015 ò fi pípín irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ṣeré tó bá ti jẹ́ ti ọmọ tí ò tíì pé 18. Tó bá dé Instagram tàbí Facebook, ẹ wá Take It Down, ìkànnì tó ń bá èèyàn yọ irú fọ́tò ọmọdé bẹ́ẹ̀ kúrò lórí ayélujára, ọ̀fẹ́ ni, fọ́tò ò ní kúrò lórí fóònù yín, àmì tí wọ́n á fi dá a mọ̀ nìkan ni wọ́n ń gbà.

Ọmọ Òjé: Àǹtí, kì í ṣe ọkùnrin yẹn ló wù ú o. Ní síkúùlù tẹ́nikẹ́ni ò bá ti dárúkọ ẹ, bí ẹni tí ò sí lo ṣe máa rí. Mo mọ̀ ọ́n torí kò tíì pẹ́ tí mo jáde. Ọmọkùnrin tó pín in ńkọ́, àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ á ti máa kí i kú iṣẹ́, kò sẹ́ni tó ń pè é ní nǹkankan. Òbí ẹ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ bá.

Nọ́ọ̀sì Agodi: Àìjẹun yẹn ló ká mi lára. Ẹ bi í láìfi bọpo bọyọ̀ bóyá ó ń rò ó láti para ẹ̀, bíbi í ò ní kó o sí i lórí. Ẹ má jẹ́ kó dá sùn. UCH, ilé ìwòsàn ńlá Ìbàdàn níbí, ní àwọn dókítà tó ń tọ́jú ọpọlọ ọmọdé àtọ̀dọ́, ẹ mú un lọ.

Ìyá Ìbejì Mọ́níyà: Ó dáa, ẹ má fọ́ ọ mọ́. Ta ló wá máa bá bàbá ẹ̀ sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó wọkọ̀ ní Ṣakí?

Ẹni tó béèrè: Màmá wa ni mo ń pè lọ́wọ́ báyìí, àwọn nìkan lẹ̀gbọ́n mi ń gbọ́ràn sí lẹ́nu.